Bí a ṣe ń ṣètò àgọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ á lè sùn sí lẹ́yìn àjálù

Tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ ló mì, ìbáà jẹ́ omi ló ya wọ̀lú tàbí ìjì ló ká òrùlé lọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí gbogbo èèyàn lọ́kàn ni pé níbo làwọn tílé wọn wó máa sùn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó wá yọ wọ́n lábẹ́ àwókù ńkọ́? Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn dẹ́rẹ́bà, àwọn tó ń pín omi, àwọn tó ń kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Mo ti rí dókítà tó sùn sínú mọ́tò fọ́jọ́ mẹ́rin gbáko, mo ti rí àwọn tó ń wú àwókù tí wọ́n tẹ́ páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ sùn, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta ojú ti pọ́n kankan, ọwọ́ ti ń gbọ̀n, àwọn tó ń fi pẹ̀lẹ́tù bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń jágbe mọ́ra wọn. Ara kì í ṣe òkúta. Ẹni tí ò sùn ò lè wa mọ́tò dáadáa, kò sì yẹ kó máa wọn oògùn fún ọmọ ọlọ́mọ.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé ilé oorun ni àgọ́ òṣìṣẹ́. Gbogbo nǹkan yòókù, ibi ìjẹun, ibi ìpàdé, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ẹ̀yìn oorun ló ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ya àgọ́ sórí bébà tí nǹkan méjì wá ń bára wọn fa wàhálà, èyí tó máa jẹ́ káwọn èèyàn yín rí oorun sùn ni kẹ́ ẹ mú. Àgọ́ tí mò ń sọ níbí ni irú èyí tí ogún sí ọgọ́ta èèyàn máa jọ lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bóyá oṣù méjì sí mẹ́ta, kì í ṣe ti alẹ́ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ilé àgbéwó.

Ẹ ka èèyàn kẹ́ ẹ tó ka òpó

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jókòó ti olórí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ni wọ́n, obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló ń ṣiṣẹ́ òru, ta ló máa ń jí láago mẹ́rin ìdájí, àwọn wo ló ń padà wálé pẹ̀lú eruku àti ẹrẹ̀ lára, ṣé ikọ̀ kan mú ajá tó ń fi imú wá èèyàn dání, torí ajá náà nílò ibi tó máa sùn, ó sì máa ń gbó. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín ló máa sọ bí àgọ́ náà ṣe máa rí, kì í ṣe iye tàpólì tó wà nílẹ̀.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni kí wọ́n kó gbogbo èèyàn sínú àgọ́ ńlá kan ṣoṣo torí pé ó yá láti pa. Ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé láago méje àárọ̀ á wá fẹ́ sùn níbi táwọn míì ti ń wọ bàtà, tí wọ́n ń pera wọn, tí fóònù ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ibo loorun ti máa wá? Àgọ́ àwọn oníṣẹ́ òru gbọ́dọ̀ dá wà, ní ìpẹ̀kun ibùdó, níbi tó jìnnà sí géètì, sí ibi ìdáná, sí jẹnẹrétọ̀, sí ibi tí mọ́tò ti ń yí padà. Ẹ fi aṣọ dúdú bo inú ẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán má ráyè wọlé, àmọ́ kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè kí atẹ́gùn lè máa gba inú ẹ̀ kọjá, torí òkùnkùn tí ò ní afẹ́fẹ́ ìyà gidi ni lójú ọ̀sán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ariwo inú yàrá téèyàn ti ń sùn ò yẹ kó ju 30 decibel lọ, ìyẹn ò ju bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Nínú àgọ́ aṣọ, kó tó bẹ́ẹ̀ le díẹ̀, torí aṣọ kì í dá ohùn dúró, ìjìnnà ló ń dá ohùn dúró, ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí àgọ́ yẹn jìnnà. Ẹ tún wá ohun tí wọ́n fi ń dí etí fún wọn, kékeré ni nǹkan náà àmọ́ ẹni tó bá ti lò ó rí ò ní gbàgbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èèyàn méjì máa pín bẹ́ẹ̀dì kan, pé lágbájá á sùn lọ́sàn-án, làkáṣègbè á sùn lálẹ́. Ó máa ń jọ ọgbọ́n lórí bébà o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iṣẹ́ ẹnì kan bá parí kí àsìkò tó tó, tàbí tí ara ẹnì kan ò yá tí ò lè dìde, ẹnì kejì á dúró lóòró, kúrúnà àti ikọ́ á sì máa ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹnì kejì. Kí kálukú ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kó ní ibi tó máa fi àpò ẹ̀ sí, kó sì ní ìṣó kan tó máa fi aṣọ kọ́.

Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa pàgọ́ sí

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, wọ́n máa ń fẹ́ fún yín ní gbọ̀ngàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣì dúró, wọ́n á ní ẹ wọbẹ̀, ó ń ṣe wọ́n láàánú pé ẹ wà níta. Ẹ má wọ ilé tó ti sán títí ẹ̀ńjíníà á fi wò ó tó sì fọwọ́ sí i. Ní Nepal, ilẹ̀ mì lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2015, agbára ẹ̀ jẹ́ 7.8, nígbà tó wá di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ó tún mì, 7.3 nìyẹn, àwọn ilé tí àkọ́kọ́ ti mú láàbọ̀ ara wá wó lulẹ̀. Ní Tọ́kì lọ́jọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023, 7.8 ló kọ́kọ́ mì láàárọ̀ kùtù, nígbà tó máa fi tó bíi wákàtí mẹ́sàn-án, 7.5 ti dé lé e lórí, àwọn èèyàn ṣì wà nínú àwókù tí wọ́n ń wá ara wọn. Torí náà ìta gbangba ló sàn, ẹ sì jìnnà sí ògiri tó dúró tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá ṣubú ní gbogbo gígùn ẹ̀, kò ní kàn yín. Ilé tó ga ní mítà 10, ẹ fi bíi mítà 15 sílẹ̀ torí búlọ́ọ̀kù máa ń ta jìnnà.

Tó bá jẹ́ omi ló yalé, ẹ má fojú ara yín yan ilẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Ẹ wo ara igi àti ara ògiri, ẹ máa rí ibi tí ẹrẹ̀ dé, ẹ sì bi àwọn àgbà tó ń gbé àdúgbò náà pé ibo ni omi ti gbà kọjá rí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú pọrọgodo tó sì dùn-ún wò láàárín ìlú tó kún fún òkè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni odò máa ń gbà á padà. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ilẹ̀ tó dà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá rìn mítà 100 kó ti fi mítà 1 sí 5 lọ sílẹ̀. Tó bá tẹ́jú jù, omi á dúró sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, tó bá sì dà jù, òjò á máa wọ́ ilẹ̀ lọ, èèyàn ò sì ní lè dùbúlẹ̀ láì máa yọ̀ bọ́. Ẹ gbójú sókè náà, kí wáyà iná má kọjá lórí yín, kí ẹ̀ka igi gbígbẹ má sì wà níbẹ̀.

Ohun kan tó ń dùn mí wọra ni kí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ wá gba ilẹ̀ tó dáa jù, èyí tó ga, tó sún mọ́ omi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí àwọn tílé wọn wó wá máa lọ sí àbàtà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Àgọ́ yín lè jìnnà díẹ̀ torí ẹ̀yin ní mọ́tò. Ẹ wá ẹni tó ni ilẹ̀ náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò àti bí ilẹ̀ náà ṣe rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sí i.

Àyè tó máa gbà

Ìwé ìlànà Sphere, tí ọ̀pọ̀ àjọ ìrànwọ́ ń tẹ̀ lé, ní kí ẹnì kan ní ó kéré tán sikuẹ́à mítà 3.5 lábẹ́ òrùlé, láìka ibi ìdáná àti ibi ìwẹ̀ mọ́ ọn, níbi tó bá tutù tó jẹ́ pé inú ilé lèèyàn á máa wà, kó jẹ́ 4.5 sí 5.5. Gbogbo ilẹ̀ ibùdó lápapọ̀, pẹ̀lú ọ̀nà, ṣalángá, ibi ìdáná àti àyè tó wà láàárín àgọ́ sí àgọ́, sikuẹ́à mítà 45 fún ẹnì kan. Àwọn tí àjálù bá ni wọ́n dìídì kọ ọ́ fún, àmọ́ ó ṣeé fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn mú 3.5 kẹ́ ẹ fi pín àgọ́ o. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan. Àgọ́ tó fẹ̀ ní mítà 6, tó gùn ní mítà 10, sikuẹ́à mítà 60 ni, tẹ́ ẹ bá fi 3.5 pín in, ẹ máa rí i pé ó gba èèyàn 17. Ó dáa, ẹ wá to bẹ́ẹ̀dì sí i. Bẹ́ẹ̀dì kan fẹ̀ tó 0.8 mítà, ó gùn ní mítà 2, ẹ kọ orí ẹ̀ sí ògiri ní apá méjèèjì, ẹ fi mítà kan sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì sí bẹ́ẹ̀dì torí ikọ́ àti torí àpò, mẹ́fà ló máa gbà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, mítà 2 á sì ṣẹ́ kù láàárín tó máa jẹ́ ọ̀nà. Èèyàn 12 nìyẹn, kì í ṣe 17. Sikuẹ́à mítà 5 ló wá kan ẹnì kan, ara sì máa tù ú. Ilẹ̀kùn kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ọ̀nà àárín yẹn lọ tààrà látorí ọ̀kan sí èkejì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹrù síbẹ̀. Tí àrùn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn ní orí sẹ́sẹ̀, kí orí ẹnì kan wà níbi tí ẹsẹ̀ ẹnì kejì wà.

Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, èmi ò fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ó ń gba àyè là, àmọ́ ooru gbogbo ló ń lọ sókè, ẹni tó rẹ̀ lè ṣubú látòkè lóru, tí ilẹ̀ bá sì tún mì kò sẹ́ni tó fẹ́ wà lábẹ́ ẹnì kejì.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin 36 lẹ wà, àgọ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kan fún ọkùnrin oníṣẹ́ ọ̀sán, ọ̀kan fún oníṣẹ́ òru tẹ́ ẹ máa fi aṣọ dá sí méjì, ilẹ̀ tẹ́ ẹ sì nílò lápapọ̀ á tó 1,620 sikuẹ́à mítà, ìyẹn bíi mítà 40 sí 40.

Òpó, okùn, tàpólì

Tẹ́ ẹ bá ní àgọ́ àtilẹ̀wá tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé ìwé tó bá a wá, ẹ máa yè. Tó bá jẹ́ òpó àti tàpólì lẹ máa fi ṣe é, tàpólì táwọn àjọ ìrànwọ́ ń pín sábà máa ń jẹ́ mítà 4 sí 5 tàbí 4 sí 6, torí náà ẹ fi òpó yín sí ibi tí etí tàpólì máa bọ́ sí, kó má di pé ẹ ń gé e. Ògiri ẹ̀gbẹ́ kó ga tó mítà 2 ó kéré tán, níbi tó bá gbóná kó tó 2.6. Òrùlé gbọ́dọ̀ dà dáadáa, ó kéré tán 30 dígírì, torí òrùlé tó tẹ́jú máa ń gba omi jọ bí ìkòkò, omi yẹn á wúwo, á sì fà á ya lóru tẹ́ ẹ ti sùn. Ṣé ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa mọ 30 dígírì láìní ẹ̀rọ? Àgọ́ wa tó fẹ̀ ní mítà 6 yẹn, láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín jẹ́ mítà 3, kí àárín fi nǹkan bíi mítà 1.75 ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Níbi tí ìjì ti ń jà, òrùlé tó dà sí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń rọ́jú ju èyí tó dà sí apá méjì, torí atẹ́gùn ò ní rí ògiri pẹrẹsẹ tó máa tì.

Èèkàn ló máa ń kọ́kọ́ jáni kulẹ̀. Okùn tó bá ti orí òpó sọ̀ kalẹ̀, kó jìnnà sí ìdí òpó bí òpó náà ṣe ga tó, òpó mítà 2, èèkàn ní mítà 2 sí i, ìyẹn ló ń fún yín ní 45 dígírì. Kí èèkàn fúnra ẹ̀ dagun, kí orí ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àgọ́. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ yanrìn, èèkàn ò lè mú un, ẹ gbẹ́ kòtò tó dé orúnkún, ẹ so okùn mọ́ àpò tẹ́ ẹ rọ yanrìn kún, ẹ sin ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ so aṣọ funfun mọ́ gbogbo okùn, torí ẹni tó ń lọ tọ̀ lóru ò ní rí i, mo ti rí nọ́ọ̀sì tó fi ọwọ́ kán síbẹ̀, ẹni tí a nílò ọwọ́ ẹ̀ jù.

Ẹ má lu tàpólì níhò o, ibi ihò yẹn ni yíya ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so okùn mọ́ àárín ẹ̀, ẹ wá òkúta kékeré tó ń dán, bí ẹyin ẹyẹlé, ẹ fi sábẹ́ ẹ̀, ẹ ká tàpólì bò ó, kẹ́ ẹ wá fi okùn di ọrùn ẹ̀ bí ẹni di ẹnu àpò. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni á máa fún sí i.

Ẹ wa gọ́tà yí àgọ́ ká kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù wọlé, kó jìn tó bí ọwọ́ ṣe gùn láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka tó gùn jù, kó sì ní ibi tó ń ṣàn lọ, kì í ṣe kó ṣàn sínú àgọ́ tó wà nísàlẹ̀ yín. Ibi tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ kọ gígùn àgọ́ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, orí kúkúrú ẹ̀ nìkan ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa rí, kẹ́ ẹ sì ta tàpólì kejì sókè òrùlé kí àyè wà láàárín méjèèjì tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, ìyàtọ̀ tó ń mú wá pọ̀. Ibi tó bá tutù, ilẹ̀ ló máa ń jí ooru ara yín jù, kì í ṣe afẹ́fẹ́, torí náà ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ́ páálí, pákó àti fómù sábẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa bùláńkẹ́ẹ̀tì kẹta. Ẹ ṣe ilẹ̀kùn méjì tó tẹ̀ léra wọn kí òtútù má bá èèyàn wọlé. Tó bá jẹ́ ibi tí yìnyín ti ń bọ́, kí ẹnì kan máa wà tó ń gbọ̀n ọ́n kúrò lórí òrùlé, lóru pàápàá.

Tí ẹ̀ńjíníà bá ti yẹ gbọ̀ngàn kan wò tó ní ó dáa, ìyẹn náà ṣeé lò, àmọ́ ẹ pín in sí wẹ́wẹ́. Shigeru Ban, ayàwòrán ilé ọmọ Japan tó gba Pritzker, ẹ̀bùn táwọn ayàwòrán ilé máa ń gbà, ní 2014, ti fi ọ̀pá tí wọ́n fi bébà ká ṣe òpó, ó fi aṣọ ta láàárín wọn, kí àwọn tó sùn sí gbọ̀ngàn ìdárayá lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun ti 2011 ní Japan lè ní kọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì lo ìṣó kankan. Ẹ̀yin náà lè ṣe é pẹ̀lú páìpù, okùn àti aṣọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí aṣọ kan péré ṣe lè jẹ́ kí èèyàn tó ti rí ikú látàárọ̀ rí ibi tó ti lè sunkún.

Iná àti èéfín

Níbí, ẹ má gba gbẹ̀rẹ́ rárá. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹnikẹ́ni tó máa gbé èédú, sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ wọ inú àgọ́ tí èèyàn ń sùn sí, òtútù ì báà le bíi kí ló dé. Gáàsì carbon monoxide tó ń jáde lára wọn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá ti sùn lọ ò ní mọ̀gbà tó gbé e lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 6 sí àgọ́ kankan ó kéré tán, kí ẹnu èéfín ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín kó sì wà níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé e lọ, àmọ́ tìtorí ariwo, mítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lèmi máa ń wá. Ẹ fi àpò yanrìn ṣe ògiri sí apá ibi tí àgọ́ wà, ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ó tún dáa jù kẹ́ ẹ lo sólà fún gílóòbù òru kẹ́ ẹ wá pa jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́wàá alẹ́.

Láàárín àgọ́ sí àgọ́, ó kéré tán mítà 2, ó sàn kó jẹ́ ìlọ́po méjì bí àgọ́ ṣe ga. Tiwa tí orí ẹ̀ ga ní mítà 3.75 yẹn, mítà 7.5 ló yẹ. Gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ dín èyí kù, torí ilẹ̀ ò tó, ẹ má gbà fún wọn, àgọ́ tàpólì máa ń jó tán kí èèyàn tó wọ bàtà. Sílíńdà ìpaná kan sẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn méjì sí i. Fóònù àti bátìrì rédíò, ẹ ṣe tábìlì kan síta lábẹ́ òrùlé tiẹ̀ tí wọ́n á ti máa ṣáàjì wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi bátìrì sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Ibi ìdáná kó wà lọ́tọ̀, lápá ibi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé ẹ̀tapàrà iná wá bá yín.

Omi, ṣalángá, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Haiti

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ kà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní Haiti, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí tọ́ka sí ibùdó àwọn ọmọ ogun tí UN rán wá pẹ̀tù sí ààwọ̀, nítòsí Mirebalais, tí ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ wọn ṣàn lọ sínú odò kékeré kan tó wọ odò Artibonite, odò tí àwọn ará ìlú ń mu tí wọ́n sì ń wẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Ọdún 2016 ni Ban Ki-moon tó jẹ́ akọ̀wé àgbà UN nígbà yẹn tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Haiti. Àwọn tó wá láti òkèèrè láti ṣèrànwọ́ ló gbé àrùn náà wá, páìpù àti kòtò ìdọ̀tí tí wọn ò ṣe dáadáa ló sì tú u sílẹ̀. Mi ò lè ṣètò ṣalángá kankan mọ́ láì rántí ẹ̀.

Torí náà, ṣalángá yín gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 30 sí kànga tàbí orísun omi èyíkéyìí, kó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe lókè ẹ̀, kí ìdí kòtò náà sì fi ó kéré tán mítà 1.5 ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ mítà 2 tẹ́ ẹ rí omi, ẹ má ṣe kòtò níbẹ̀, ẹ lo táǹkì tí wọ́n máa wá fà, kẹ́ ẹ sì mọ ibi gan-an tí mọ́tò tó ń fà á ń dà á sí, ẹ tẹ̀ lé e lọ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ilé ìyàgbẹ́ kan fún èèyàn 20 ni ìwé Sphere wí, àmọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa ń fẹ́ lò ó láago márùn-ún àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fún èèyàn 36 mo máa ń ṣe mẹ́rin, méjì fún obìnrin tó máa ní kọ́kọ́rọ́ nínú àti iná lẹ́nu ọ̀nà. Kó má ju mítà 50 lọ sí ibi tí wọ́n ń sùn, torí tó bá jìnnà jù wọ́n á máa tọ̀ sẹ́yìn àgọ́. Omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ kó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀ gan-an.

Omi, lítà 15 fún ẹnì kan lójúmọ́ ni ó kéré tán, èèyàn 36 á lo 540 lítà, táǹkì 1,000 lítà ò ní pé ọjọ́ méjì, ẹni tó sì ti ń wú àwókù látàárọ̀ á fẹ́ ju 15 lọ kó tó mọ́. Chlorine, oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi, èyí tó bá kù nínú omi mímu lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó wà láàárín 0.2 sí 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan.

Ẹ fa ìlà kan sílẹ̀, tòótọ́ ni mò ń sọ, ẹ fi okùn fà á. Apá ìta ni ti ìdọ̀tí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bọ́ bàtà, bọ́ aṣọ iṣẹ́, fọ ọwọ́ àti ojú, wẹ̀ tí wọ́n bá lè wẹ̀, kí wọ́n tó tẹ ẹsẹ̀ bọ apá inú tó mọ́. Eruku àwókù lè ní asbestos nínú, ìyẹn nǹkan ìkọ́lé kan tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè wà lára bàtà, omi yalé-yalé máa ń gbé ìdọ̀tí ṣalángá ká. Kí bẹ́ńṣì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè jókòó lé bọ́ bàtà, torí ẹni tó rẹ̀ ò ní dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á kàn wọlé bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi ìjókòó

Ẹ pa àgọ́ kékeré kan sí i tí kì í ṣe ti oorun, tí wọ́n á ti jẹun, tí wọ́n á ti ṣèpàdé, tí wọ́n á sì ti máa tàkúrọ̀sọ. Tí kò bá sí, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á ti máa ṣe gbogbo ẹ̀, ẹni tó fẹ́ sùn ò sì ní lè sùn. Ẹ gbé pátákó kan síbẹ̀ tí orúkọ gbogbo èèyàn wà, kẹ́ni tó ń jáde sàmì sí i, kẹ́ni tó dé náà sàmì, tí iná bá sọ tàbí ilẹ̀ mì ẹ á mọ ẹni tẹ́ ẹ ń wá. Ẹ sì ṣe kọ̀rọ̀ kan, àga méjì péré pẹ̀lú aṣọ tó dá a, fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà bá ti kọjá agbára ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Lálaalẹ́, kí ẹnì kan máa yí àgọ́ ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó fọwọ́ kan okùn kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ti dẹ̀ kó fà á le, èyí tó bá le jù torí òjò kó tú u díẹ̀, kó wo gọ́tà bóyá ewé ti dí i, kó wo ilẹ̀kùn méjèèjì bóyá ẹnì kan ti gbé àpò dí ọ̀kan.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ

Ẹ fi ọjọ́ méjì kún ètò yín fún títú àgọ́, torí gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ kánjú lọ sílé. Ẹ sá tàpólì kó gbẹ kẹ́ ẹ tó ká a, èyí tẹ́ ẹ bá ká ní tútù á ti bu kí àjálù mìíràn tó dé. Ẹ da ẹfun tàbí eérú sínú ṣalángá, ẹ fi erùpẹ̀ dí i kó yọ gẹ̀gẹ̀ díẹ̀ torí ó máa rì, ẹ fi òkúta sàmì sí i, kẹ́ ẹ sọ fún onílẹ̀ ibi tó wà kó má lọ gbẹ́ kànga síbẹ̀. Ẹ fa gbogbo èèkàn yọ, ẹ kà wọ́n, torí èyí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ni ọmọ kan máa sáré tẹ̀. Ẹ mú fọ́tò tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wá, kẹ́yin àti onílẹ̀ jọ rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú ẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó bá ní kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ tún un ṣe kí mọ́tò yín tó gbéra.